Wá Bá Mi Pa Fáànù

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí àgbàlagbà tó fẹ̀yìn ti àga, tí bọ́tìnnì fáànù wà ní ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ gan-an, tó sì fi gbogbo ohùn pe ọmọ tó ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé pé, "Wá bá mi pa fáànù"? Ọmọ á sáré wọlé, á na ọwọ́ kọjá lórí bàbá, á pa fáànù tí bàbá ìbá fi ìka kan pa, á sì padà sídìí eré rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀lẹ ni bàbá. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àgbà ló ni ẹnu, ọmọdé ló ni ẹsẹ̀.

Nítorí àṣà yìí ló ṣe pẹ́ kí n tó mọ ohun tí bùrọ̀dá mi pàdánù nígbà tí eegun ọrùn wọn ṣẹ́. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Mo rò nínú ara mi pé apá àti ẹsẹ̀ tí kò gbé mọ́ nìkan ni ìṣòro náà. Ní ti ká tan iná àti ká pa fáànù, ṣebí wọn kò kúkú ń ṣe é fúnra wọn tẹ́lẹ̀? Àwa ọmọ la ń ṣe é. Kí ló wá yàtọ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, nítorí n óò kọ́kọ́ mú yín dé Sàngó-Ọ̀tà.

Ẹni tó bá mọ Sàngó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó lọ sí ẹnu ibodè ilẹ̀ Benin. Tírélà ń lọ, tírélà ń bọ̀, èéfín ń rú. Iléeṣẹ́ irin, iléeṣẹ́ ike, iléeṣẹ́ bisikíìtì, iléeṣẹ́ fóòmù, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó rí ọkùnrin àti obìnrin lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń dúró kí ọ̀gá wá ka iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ lò lọ́jọ́ náà. Àwọn kan wá láti Ìbàdàn, àwọn kan láti Ìlọrin, àwọn kan láti ilẹ̀ Ìgbò, àwọn kan láti Kútọnu. Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ gbà wọ́n mọ́ra, wọ́n sì ti di ọmọ Ọ̀tà. Bùrọ̀dá mi wà lára wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọn kò fún wọn ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ kankan rí.

Ní ọdún 2019, àpò ẹrù tí wọ́n tò jọ ga fíofío ya lulẹ̀ lé wọn lọ́rùn. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, iléeṣẹ́ san owó ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan wá, ó parí. Nígbà tí ìyá mi lọ béèrè, wọ́n ní orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn. Bẹ́ẹ̀ òfin kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan lọ́wọ́ àjọ NSITF, kí wọ́n máa fi ṣe ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin náà sì ka òṣìṣẹ́ ojúmọ́ mọ́ àwọn tí ó kàn. Àwa kò mọ̀ nígbà náà. Ìgbà tí mo dé yunifásítì tí mo bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ òfin sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní pé ìwé ni mo fi mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì.

Ìgbòbí ni wọ́n gbé wọn lọ, ilé ìwòsàn eegun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ la ti gbọ́ àlàyé. Okùn iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ gba inú eegun ọrùn àti ti ẹ̀yìn kọjá. Òun ló ń gbé àṣẹ lọ sí apá àti ẹsẹ̀, òun náà ló sì ń gbé ìròyìn padà. Ibi tí okùn náà bá ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni àṣẹ dúró sí. Ti bùrọ̀dá mi bàjẹ́ ní ọrùn. Ojú, etí, ẹnu, làákàyè, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n lè sọ èjìká sókè díẹ̀. Wọ́n ń mí fúnra wọn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí àwọn tí tiwọn bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè kò lè dá mí láìsí ẹ̀rọ. Láti èjìká wá sísàlẹ̀, kò sí nǹkan tó ń gbọ́ àṣẹ mọ́.

Ohun kan tí dókítà sọ tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ni ọ̀rọ̀ òógùn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bàjẹ́ báyìí kì í làágùn dáadáa mọ́ láti ibi tí ó ti fara pa wá sísàlẹ̀, nítorí pé àṣẹ tí ara fi ń làágùn pàápàá, inú okùn yẹn ló ń gbà. Bí ooru bá mú, ara kò rí ọ̀nà tí yóò fi tutù. Ẹ wá ro ó wò ní oṣù kẹta ọdún, lábẹ́ páànù, ní yàrá kan àti pálọ̀ ní Sàngó. Fáànù kì í ṣe afẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oògùn ni.

Mo mọ èyí. Dókítà sọ ọ́ lójú mi. Ìdí nìyí tí n kò fi ní àwáwí fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ọdún 2021, mo ń dúró de ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń gbé. Àǹtí, ìyàwó wọn, ń ta ẹ̀wà sísè ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọ wọn wà nílé ìwé. Èmi ni mo ń ṣọ́ ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fún wọn ní oúnjẹ, mo fún wọn ní omi, mo kọ fáànù sí wọn lára, mo ti fèrèsé nítorí eruku tírélà, mo sì sọ fún wọn pé mo fẹ́ yọjú sí ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Má pẹ́." Mo ní, "N kò ní pẹ́, sà."

Mo lo wákàtí méjì ààbọ̀.

Níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. N kò mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ ní àdúgbò. Nígbà tí mo wọlé, yàrá dà bí inú ààrò. Ètè wọn ti gbẹ, ojú wọn ti pọ́n, nígbà tí mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, mo yọ ọwọ́ kíá. Mo ké sí ìyá tó wà ní yàrá kejì. Àwa méjèèjì la rẹ aṣọ sínú omi, la ń nù wọ́n, la fi páálí fẹ́ wọn títí ara fi balẹ̀. Wọn kò bú mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fúnra wọn. Ohùn wọn ṣì ha. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ooru yẹn ló dùn mí jù. Fèrèsé ni. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni. Mo ń wò ó. Mo pè títí, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ń bo ohùn mi mọ́lẹ̀, mo sì ń wo fèrèsé."

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi. Bàbá tó ń pe ọmọ kó wá pa fáànù, bí ọmọ kò bá jẹ́ ẹ, yóò bú u, yóò sì dìde. Àṣẹ ni ìpè rẹ̀ jẹ́ nítorí pé bí ọmọ kò bá wá, nǹkan yóò ṣì ṣe. Ìpè bùrọ̀dá mi ti di ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti mọ èyí ni etí mi ṣí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dún láti ìta kó tó dé ilé, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, pé, "Jọ̀ọ́, bàbá mi, má bínú, bá mi lé ẹ̀fọn yìí." Má bínú! Bàbá ń sọ fún ọmọ ọdún méje pé kó má bínú.

Ọ̀tà ní yunifásítì ju ẹyọ kan lọ. Covenant wà níbẹ̀ láti 2002, Bells University of Technology láti 2005. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé mẹ́wàá ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní ọ̀kan nínú àwọn tó wà ní agbègbè wa. Ní 2022, mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ohun tí òyìnbó ń pè ní ilé ọlọ́gbọ́n lo ń wá yẹn. Ṣùgbọ́n ilé kan kì í gbọ́n láìsí iná." Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Gbogbo fídíò tí mo ti wò, níbi tí òyìnbó alárùn ẹ̀gbà ti ń ṣí aṣọ fèrèsé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ iná. Wọ́n gbà pé iná wà, bí ẹja ṣe gbà pé omi wà. Nítorí náà, nǹkan àkọ́kọ́ tí a rà kì í ṣe ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kankan. A ra bátìrì ńlá kan àti inverter kékeré, àti fáànù tó ń lo bátìrì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ ní ọjà. Owó àjọ ìyá mi ló ra ìdajì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ mi gbé ẹ̀rọ olóhùn wá, Echo tí iléeṣẹ́ Amazon kọ́kọ́ gbé jáde ní 2014, èyí tí wọ́n ń pe inú rẹ̀ ní Alexa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un bọ̀ láti ìlú òyìnbó, kò sì rí i lò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti yé. Ẹ̀rọ náà ń fetí sílẹ̀ de orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, yóò fi ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà lókè òkun, àwọn yẹn ni yóò mọ ohun tí a wí, wọn yóò sì fi àṣẹ ránṣẹ́ padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ wo ìrìn àjò tí ọ̀rọ̀ rìn kí gílóòbù tó wà lókè orí ẹni tó tàn!

Ọjọ́ tí a dán an wò, àdúgbò kún yàrá. Bùrọ̀dá mi ka ìwé dé ìpele kẹta ní girama, òyìnbó ẹnu géètì ni wọ́n ń sọ. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó tan iná. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Wọ́n tún un sọ. Ó ní òun kò mọ ohun èlò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n ní, "Bí ọ̀gá iléeṣẹ́ ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní òun ò gbọ́." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

A ní ká fi Yorùbá bá a sọ ọ́. Kò sí Yorùbá nínú àwọn èdè tí ẹ̀rọ yìí gbọ́. Ó gbọ́ èdè Jámánì, ó gbọ́ ti Japan, ó gbọ́ Lárúbáwá, ó gbọ́ Hindi. Ọ̀rẹ́ mi wá dá ọgbọ́n kan. Ó wo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ pé "tan iná," ó rí i pé "tiny now" ló máa ń rò pé òun gbọ́. Ó bá fi "tiny now" ṣe àṣẹ ìtanná. Ó ṣiṣẹ́! Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ èdè yìí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kò ka ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sí ohun tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Lójú rẹ̀, igbá, igba àti ìgbà kò ju bí inú ènìyàn ṣe dùn tàbí bí ó ṣe bàjẹ́ lọ. Nítorí náà, bí bùrọ̀dá mi bá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, iná á tàn. Bí Àǹtí tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bá sọ ọ́, kò ní tàn. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ń dún, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀. Bí dátà bá sì tán lórí fóònù, ẹ̀rọ náà di ère.

A lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù yẹn wọ́n ra dátà ju ẹran lọ.

Níbi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń wá ọ̀nà mìíràn ló ti rí ìtàn kan tó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní England, ilé ìwòsàn kan wà tó ń jẹ́ Stoke Mandeville. Ibẹ̀ ni dókítà Ludwig Guttmann, tó sá kúrò ní Jámánì nítorí àwọn Nazi, ti dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ ní 1944. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá àwọn aláàbọ̀ ara níbẹ̀ ní 1948, èyí tí Paralympic ti hù jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Reg Maling, tí kì í ṣe dókítà, máa ń lọ bẹ àwọn aláìsàn wò níbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé agogo lásán ni àwọn tí apá wọn kò gbé ní láti fi pe ènìyàn. Wọ́n á lu agogo, wọ́n á dúró. Maling rò ó pé ẹni tó bá ṣì ń mí ṣì ní nǹkan tó lè fi ṣiṣẹ́. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí aláìsàn ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí, tó sì ń fà á mu, tó ń fi bẹ́ẹ̀ tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò pẹ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń tan iná, tó ń gbé tẹlifóònù, tó ń tan rédíò. Wọ́n sọ ọ́ ní Possum. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìn ni "mo lè ṣe é."

Ẹ wo ọdún náà, 1960. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ohun tó ṣeé ṣe nígbà náà, tí kò béèrè dátà, tí kò béèrè èdè kankan, òun ló bá Sàngó mu. Èémí kò ní èdè. Ọmọ Àwórì, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Kútọnu, bákan náà ni wọ́n ń mí.

Ọ̀rẹ́ mi ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ní Aláàbà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò kan, bí èyí tí a fi ń mu mínírà, wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu bùrọ̀dá mi, irin tó ṣeé tẹ̀ kan ló gbé e dúró lára bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pá náà lọ sínú àpótí kékeré kan. Nínú àpótí yìí ni ohun tó ń mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń wọlé tàbí ó ń jáde wà, àti ìdè mẹ́rin tó ń fi iná kékeré ti bátìrì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá. Ní iwájú rẹ̀, gílóòbù wínníwínní mẹ́rin: ọ̀kan fún iná yàrá, ọ̀kan fún fáànù, ọ̀kan fún rédíò, ọ̀kan fún agogo tí a gbé sí ọ̀dọ̀ Àǹtí. Bí wọ́n bá fà á mu lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ á sún sí èyí tó kàn. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, èyí tí ìmọ́lẹ̀ wà lórí rẹ̀ á tàn tàbí kó kú. Ó tán. A mú oníṣẹ́ iná àdúgbò wá wo gbogbo wáyà rẹ̀, nítorí iná kì í ṣe ohun tí à ń fi ọgbọ́n ìwé nìkan ṣeré sí. Àǹtí ń fi omi gbígbóná fọ ọ̀pá náà láràárọ̀, nítorí itọ́.

Alẹ́ tí a so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì, bùrọ̀dá mi kò jẹ́ kí àdúgbò wọlé. Àní, wọn kò jẹ́ kí èmi náà dúró. Wọ́n ní, "Jáde. Ti ilẹ̀kùn." Mo jókòó ní pálọ̀ nínú òkùnkùn, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yọ. Ó kú. Ó tàn. Ó kú. Ó tàn. Mo kà á dé mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ó kú, kò tàn mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ti dìde kí n tó gbọ́ rédíò. Mo padà jókòó. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kò tíì dá wà nínú yàrá kan kí wọ́n sì pa iná fúnra wọn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àpótí yìí wo ènìyàn sàn, tàbí pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Àǹtí bínú ní ọjọ́ kìíní. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti sọ pé ó ń sú mi ni?" Mo rò pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kí ará àdúgbò má sọ pé wọ́n ti fi ọkọ wọn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ nínú ilé wa tó lè yí ènìyàn padà ní wákàtí méjì méjì lóru kí egbò má baà dá sí i lẹ́yìn. Kò sí èyí tó lè wẹ̀ fún un, tàbí fún un ní oúnjẹ. Gbogbo èyí ṣì wà lọ́rùn Àǹtí. Ohun tó kúrò ni àwọn ìpè kéékèèké tó wà láàárín wọn: tan iná, pa iná, ooru ń mú mi, òtútù ń mú mi, bá mi dín rédíò kù. Tẹ́lẹ̀, Àǹtí kì í sùn rárá nítorí wọn kò mọ ìgbà tí ìpè yóò dé. Ní báyìí, fóònù ló ń jí wọn ní àkókò tí wọ́n fẹ́ yí bùrọ̀dá mi padà. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbàgbé bí oorun ṣe ń rí." Wọn kò tún bú àpótí náà mọ́.

Àwọn kan yóò béèrè ibi tí ìjọba wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yan aláàbọ̀ ara jẹ, òfin náà sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ tiwa yìí kí ẹ tó wo ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àti bánkì ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yẹn dé. Ẹni tó dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí ó ń wo fèrèsé, ọ̀nà náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí bùrọ̀dá mi sọ tó ń yọ mí lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ Yorùbá. Nígbà tí àpótí náà ti pé oṣù méjì, mo béèrè bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn, ọpẹ́ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń fọn fèrè ni mo rí. Gbogbo ohun tó kù fún mi kò ju ẹnu lọ, ẹnu mi sì dá ṣáṣá. Kí ló dé tí kò lè gbọ́ tan iná?"

N kò ní èsì. Ní ẹ̀ka wa, a lè sọ ibi tí ohùn ti yípadà nínú gbólóhùn, a lè sọ ìdí tí fáwẹ́lì kan fi ń jẹ èkejì. Ìmọ̀ tí ẹ̀rọ náà nílò gan-an nìyẹn, inú ìwé ìdánwò ló sì ń kú sí. Common Voice tí Mozilla bẹ̀rẹ̀ ní 2017 ní ààyè fún Yorùbá, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka gbólóhùn sínú fóònù kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ lè rí ohùn wa lò. Mo ti ka díẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bùrọ̀dá mi, àwọn náà kà. Wọ́n ka ogójì gbólóhùn láìsinmi, pẹ̀lú ohùn ènìyàn Sàngó, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn wọn. Mo ní ká dúró kí jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Wọ́n ní, "Rárá o. Jẹ́ kó mọ bí ilé wa ṣe ń dún."

Ìsinmi yẹn kan náà, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé tí mo ń bá Àǹtí ṣa ẹ̀wà. Mo gbọ́ ohùn láti inú yàrá, ohùn tó dún bí ó ṣe máa ń dún láti ìta nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n pe orúkọ mi ní kíkún. Wọ́n ní, "Wá bá mi pa fáànù!"

Mo ju ẹ̀wà sílẹ̀, mo sáré wọlé. Àyà mi ń já, mo ti rò pé bátìrì ti kú tàbí pé ọ̀pá ti yẹ̀. Ọ̀pá wà ní ipò rẹ̀, kò ju ìbú ìka kan lọ sí ètè wọn. Gílóòbù fáànù ń tàn lójú àpótí. Mo wo ọ̀pá náà, mo wo ojú wọn.

Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Àbí n ò lè rán ẹ níṣẹ́ mọ́ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo na ọwọ́ kọjá lórí wọn, mo sì pa fáànù.